Báwo ni ìbàdí ṣe mọ ọ̀nà dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Ẹ̀pẹ́. Ohun tó béèrè rèé:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ọjà Olúwo ni mo ti ń ta ẹja. Ó ti lé lóṣù méjì báyìí tí ìrora kan ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí mi lápá òsì. Á gba inú ìdí, á gba itan, á sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ojúgun, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi á wá kú bí ẹni pé kì í ṣe tèmi. Ẹni tá a jọ ń pàtẹ ní mo tẹ nǹkan ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó ti gbé àgbo wá. Nọ́ọ̀sì tí mo lọ bá ní ìbàdí ni kí n lọ tọ́jú, pé kò sí nǹkan tó ṣe ẹsẹ̀ náà. Èyí ni kò yé mi. Báwo ni ìbàdí ṣe mọ ọ̀nà dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi?”

Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Nọ́ọ̀sì yẹn mọṣẹ́. Mo fẹ́ kí ohun tó rí yé ẹ̀yin náà, torí bó bá yé yín, ẹ ò ní fi oṣù méjì mìíràn máa fi òróró pa ẹsẹ̀ tí ohunkóhun kò ṣe.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ mọ̀ jù mí lọ. Bí ẹ bá la òbòkun ńlá, tí ẹ yọ egungun àárín rẹ̀, ẹ ó rí i pé egungun náà kì í ṣe ẹyọ kan, oríkèéríkèé ló so kọ́ra. Lókè àwọn oríkèé yẹn, lápá ẹ̀yìn ẹja, ihò tóóró kan wà tí okùn funfun kan gbà kọjá láti orí lọ sí ìrù. Àwọn alápatà náà mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá fi àáké la ẹ̀yìn màlúù sí méjì, okùn yẹn máa ń hàn láàárín egungun, ó funfun, ó rọ̀, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́. Àwa èèyàn náà ní tiwa. Okùn ọ̀pá ẹ̀yìn ni n ó máa pè é. Nínú àgbàlagbà, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 42 sí 45, kò sì nípọn ju ìka ọmọńdinrín lọ. Síbẹ̀ òun ni ọpọlọ fi ń bá gbogbo ara sọ̀rọ̀ láti ọrùn títí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ là kí n tó tẹ̀ síwájú. Ohun tí à ń pè ní iṣan lédè wa pọ̀. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan ni. Èyí tó ń le lápá nígbà téèyàn bá gbé ẹrù, iṣan ni. Èyí tó fa gìgísẹ̀ mọ́ ẹran ẹsẹ̀, iṣan náà ni. Nítorí náà, bí oníṣègùn bá sọ pé “nǹkan ló fún iṣan yín mọ́lẹ̀”, ọ̀tọ̀ lohun tó wí, ọ̀tọ̀ lohun tí aláìsàn gbọ́. Mo ti rí ẹni tó tìtorí gbólóhùn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò ní i lára rárá. Iṣan ìmọ̀lára ni tèmi níbí. Kò gbé ẹ̀jẹ̀, kò fa egungun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ iṣẹ́ lọ, láti jẹ́ iṣẹ́ bọ̀.

Láti ara okùn ọ̀pá ẹ̀yìn ni àwọn iṣan yìí ti ń yọ, bí ìbejì, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì. Ìbejì 31 ni wọ́n: 8 láti ọrùn, 12 láti ẹ̀yìn àyà, 5 láti ìbàdí, 5 láti egungun ìdí, àti 1 láti egungun kékeré tó gbẹ̀yìn pátápátá, níbi tí àwọn ẹranko ti ní ìrù. Lẹ́tà àti nọ́ńbà la fi ń pè wọ́n nílé ìwòsàn. C ni tọrùn, T ni tàyà, L ni tìbàdí, S ni tìdí. Bí ẹ bá rí L5 lórí ìwé àyẹ̀wò yín lọ́jọ́ kan, iṣan karùn-ún ìbàdí ni wọ́n ń wí.

Iṣan kọ̀ọ̀kan ní gbòǹgbò méjì níbi tó ti kúrò lára okùn. Gbòǹgbò ẹ̀yìn ń gbé ìròyìn wọlé: ó gbóná, ó tutù, ó ń dùn mí. Gbòǹgbò iwájú ń gbé àṣẹ jáde: gbé ẹsẹ̀, di ọwọ́. François Magendie, oníṣègùn ará Faransé, ló fi èyí hàn kedere lọ́dún 1822, nígbà tó gé àwọn gbòǹgbò yìí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lára àwọn ọmọ ajá. Ó gé ti ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ kò mọ ìrora mọ́, àmọ́ ó ṣì ń mì. Ó gé ti iwájú, ẹsẹ̀ rọ, àmọ́ ó ṣì ń mọ ìrora. Ìyà ńlá ló fi jẹ àwọn ẹran yẹn, ọkàn mi kì í sì í fúyẹ́ nígbà tí mo bá ń ṣàlàyé rẹ̀ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ la ṣì dúró lé. Lẹ́yìn tí gbòǹgbò méjèèjì bá so pọ̀, iṣan á gba ojú ihò kékeré kan jáde láàárín egungun méjì. Ẹ fi ọkàn sí àgbègbè ojú ihò yìí, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ yín wà.

Nígbà tí iṣan bá ti jáde, ó ní ilẹ̀ tirẹ̀ lára awọ, bí ìgbà tí baálé bá pín ilẹ̀ fáwọn ọmọ, tó sì gbin pérégún sí ààlà. T4 ló ni ìlà tó gba orí ọmú kọjá. T10 ló ni ìdodo. Lọ́wọ́, C6 ló ni àtàǹpàkò, C7 ló ni ìka àárín, C8 ló ni ọmọńdinrín. Lẹ́sẹ̀, L3 ló ni iwájú orúnkún, L4 ló ni ẹ̀gbẹ́ inú ojúgun. L5 wá ni ẹ̀gbẹ́ òde ojúgun, ó gba orí ẹsẹ̀ wá dé àtàǹpàkò. S1 ló ni ẹ̀gbẹ́ òde ẹsẹ̀ àti ọmọ-ìka tó kéré jù. S2 wà lẹ́yìn itan, ìyókù yí ojú ìdí ká.

Ìyá, ẹ tún ìwé yín kà. Ìbàdí, ìdí, itan, ẹ̀gbẹ́ ojúgun, àtàǹpàkò. Ẹ ti fi ẹnu ara yín ka ààlà ilẹ̀ L5 láìmọ̀.

Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé ilẹ̀ tàyà rí róbótó yí ara ká bí ìgbànú, ti ẹsẹ̀ sì rí gbọọrọ. Ẹ wo ọmọ tó ń rákò. Bó ṣe fi ọwọ́ àti orúnkún gúnlẹ̀ yẹn, orí ló ṣíwájú, ọwọ́ tẹ̀ lé e, àyà, ikùn, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀, ìdí ló sì kẹ́yìn pátápátá. Bí a bá fi ẹfun fa ilà àwọn iṣan náà sí i lára bó ṣe wà yẹn, wọn á tò tẹ̀ lé ara wọn láti C títí dé S láìsí ìdàrúdàpọ̀. Ìgbà tí a dìde dúró ló dà bí ẹni pé wọ́n wọ́.

Àmọ́ ṣá, àwọn iṣan tó jọ pààlà máa ń wọ ilẹ̀ ara wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ yín kò fi kú tán bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣan kan wà nínú ìṣòro. Àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà, níbi tí aládùúgbò kò dé, ni ìkúra máa ń hàn sí jù.

Ta ló wá ya ààlà yìí? Àìsàn ló yà á. Ẹni tó bá ti ní ṣíkínpọ́ọ̀sì rí, kòkòrò àìsàn náà kì í kúrò lára rẹ̀, ńṣe ló máa ń sá pamọ́ sínú kókó kékeré tó wà lára gbòǹgbò ẹ̀yìn iṣan. Ó lè wà níbẹ̀ fún ogójì ọdún. Bí ara bá wá rẹlẹ̀, nítorí ọjọ́ ogbó tàbí àìsàn mìíràn, á jí, á tọ iṣan kan ṣoṣo jáde, ìléròrò olómi á sì tò wọ̀ọ̀wọ̀ lórí ilẹ̀ iṣan yẹn nìkan, lápá kan ara. Kì í sábà kọjá àárín àyà bọ́ sápá kejì. Henry Head, oníṣègùn ará Ìlú Ọba, àti ẹnì kejì rẹ̀ Campbell fi sùúrù ya àwòrán ibi tí ìléròrò yìí ti ń yọ lára àwọn aláìsàn, wọ́n sì yẹ kókó iṣan àwọn tó kú lára wọn wò, wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde lọ́dún 1900. Lọ́dún 1903, Head ní kí wọ́n gé iṣan kan lápá òun fúnra rẹ̀ kó lè ṣàkọsílẹ̀ bí ìmọ̀lára ṣe ń padà wá díẹ̀díẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe lè gbóríyìn fún irú ọkàn bẹ́ẹ̀ tó. Ẹ̀yin tó ń kà á náà, bí ẹ bá rí ìléròrò tó ń jóni tó tò bí ìgbànú lápá kan, ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Àkókò yẹn ni oògùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jù.

Ó wá ku ìbéèrè tí ẹ bi mí gan-an. Bí ó bá jẹ́ pé ìbàdí ni nǹkan wà, kí ló dé tí àtàǹpàkò fi ń ké?

Ẹ ti rí apẹja tó di okùn ìwọ̀ mú lójú ọ̀sà. Bí nǹkan bá fa okùn, ẹnu ìwọ̀ lọ́hùn-ún ni ọkàn rẹ̀ ń lọ, á ní ẹja ti gbé e. Kò lè mọ̀ pé òṣíbàtà ló kọ́ okùn láàárín ọ̀nà. Bí ọpọlọ ṣe rí nìyẹn. Okùn tó ń ti àtàǹpàkò bọ̀ ni ọpọlọ mọ̀ ọ́n sí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín. Ibi yòówù kí nǹkan ti tẹ okùn náà mọ́lẹ̀, àtàǹpàkò ni ọpọlọ máa kà á sí. Ìrora yẹn kì í ṣe irọ́, ẹ̀ ń jẹ ẹ́ lóòótọ́. Àdírẹ́sì rẹ̀ ni kò tọ̀nà.

Kí ló wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀? Láàárín egungun ẹ̀yìn kan àti èkejì, tìmùtìmù kan wà tí kì í jẹ́ kí wọ́n gún ara wọn. Ara òde rẹ̀ le, inú rẹ̀ rọ̀. Bí ẹ bá di òlẹ̀lẹ̀ sínú ewé, tí ẹ wá fi ọwọ́ tẹ iwájú rẹ̀ púpọ̀, ibi tí ewé ti fẹ́lẹ́ lẹ́yìn ló máa gbà yọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ gbé páálí ẹja dídì láti ilẹ̀, tó tún ń yí ìbàdí bó ṣe ń gbé e, iwájú tìmùtìmù ló ń tẹ̀, inú rẹ̀ á sì máa wá ọ̀nà gba ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan jáde. Ẹ̀gbẹ́ yẹn gan-an ni gbòǹgbò iṣan ń gbà kọjá. William Mixter àti Joseph Barr ní Amẹ́ríkà ló jẹ́ kí ayé gbà pé èyí ló ń fa irú ìrora ẹsẹ̀ yìí, nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1934. Tìmùtìmù méjì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló sì máa ń yọ jù, torí àwọn ló ń ru gbogbo ara tòun ti ẹrù orí.

Ní ọdún kejì mi nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ọjọ́ tí wọ́n ṣí ẹ̀yìn òkú níwájú wa, mo rò pé okùn ọ̀pá ẹ̀yìn á gùn dé ìdí. Kò dé ibẹ̀. Ó parí lókè ìbàdí, ní nǹkan bíi egungun kìíní tàbí ìkejì, láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀ sì rèé, ẹgbàágbèje fọ́nrán funfun ló ń já wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìrù ẹṣin ni Látìnì ń pè é. Ìrùkẹ̀rẹ̀ ọwọ́ ọba ni mo rí. Olùkọ́ wa fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gbé fọ́nrán kan sókè, ó ní, “Èyí ń lọ sí àtàǹpàkò.” Mo tọpa rẹ̀ pẹ̀lú ojú: ó kọjá lẹ́yìn tìmùtìmù kẹrin kó tó gba ihò tirẹ̀ jáde. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tìmùtìmù àárín egungun kẹrin àti ìkarùn-ún ló sábà ń fún L5. L4 ti jáde lókè kó tó débẹ̀.

Lẹ́yìn tó bá jáde, L5 á dà pọ̀ mọ́ L4, S1, S2 àti S3 láti di iṣan ìmọ̀lára tó tóbi jù lọ nínú ara. Ó nípọn tó àtàǹpàkò ọwọ́. Ó gba inú ẹran ìdí, ó gba ẹ̀yìn itan, ó pín sí méjì nítòsí orúnkún. Ẹ fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ òde ẹsẹ̀ yín nísàlẹ̀ orúnkún díẹ̀, ẹ ó kan kókó egungun kan. Ẹ̀ka kan yí ọrùn kókó yẹn ká bọ́ síwájú ojúgun, ó sì ń lọ sí orí ẹsẹ̀. Ọ̀nà tí ìrora yín ń rìn nìyẹn, ìrìn nǹkan bíi mítà kan.

Nítorí pé iṣan yìí gba inú ìdí kọjá, mo bẹ gbogbo ẹni tó ń kà á: ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà gún ọmọ yín lábẹ́rẹ́ ní ìdí. Abẹ́rẹ́ ìdí ní ibi tí à ń gún un sí, ìdámẹ́rin òkè lápá òde. Mo ti tọ́jú ọmọ tí iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ látàrí abẹ́rẹ́ ibà kan ṣoṣo. Ó ń rìn lónìí, ṣùgbọ́n ó ṣì ń já bàtà ọ̀tún ṣáájú tòsì.

Nípa jẹ̀díjẹ̀dí tí ẹ̀gbọ́n wí: jẹ̀díjẹ̀dí kì í ya ìlà gba ojúgun lọ sí ọmọ-ìka kan. Nípa pé ẹ tẹ nǹkan, ohun tí mo lè sọ ni pé ẹni tó wà ní Kánádà, tí kò dé ọjà kankan ní Ẹ̀pẹ́ rí, ń ní ìrora yìí lójú ìlà kan náà. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ yọ kúrò lójú ọ̀nà ni ìtọ̀ ṣúgà, torí òun náà ń pa ẹsẹ̀ kú. Àmọ́ tirẹ̀ sábà máa ń mú ẹsẹ̀ méjèèjì, bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹ ṣáà yẹ ṣúgà wò.

Ẹ dán nǹkan mẹ́ta wò nínú yàrá, kí ẹnì kan dúró tì yín. Ẹ fi gìgísẹ̀ nìkan rìn ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Bí iwájú ẹsẹ̀ òsì kò bá gbéra, L5 ti ń padà sẹ́yìn nínú iṣẹ́ àṣẹ rẹ̀ náà, kì í ṣe ìmọ̀lára nìkan. Ẹ fi orí ọmọ-ìka rìn. S1 ló ń ṣe ìyẹn. Lẹ́yìn náà ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, kí wọ́n bá yín gbé ẹsẹ̀ òsì sókè ní nínà gbọọrọ. Bí ìrora náà bá ta dé ìsàlẹ̀ orúnkún kí ẹsẹ̀ tó gòkè dáadáa, gbòǹgbò iṣan ni wọ́n ń fà.

Irú èyí sábà ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 láìsí iṣẹ́ abẹ, ara fúnra rẹ̀ sì máa ń jẹ inú tìmùtìmù tó yọ náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ má dùbúlẹ̀ jókòó sílé. Ẹ máa rìn. Kí ẹni méjì máa gbé páálí, kí ẹ tẹ orúnkún dípò ìbàdí, kí ẹrù sún mọ́ àyà yín. Ẹ̀yin ti lé lóṣù méjì, àtàǹpàkò sì ń kú, nítorí náà ẹ lọ sí ọsibítù ìjọba kí wọ́n yẹ̀ yín wò dáadáa, kí wọ́n sì so yín pọ̀ mọ́ àwọn onífisiotẹ́rápì, àwọn tó ń fi eré ìmárale tọ́jú aláìsàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jìnnà sí oògùn apàrora tí wọ́n pò pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré. Bí ẹ bá ń mu ún lójoojúmọ́, ó lè dá egbò sínú ikùn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń nùdí tí ẹ kò mọ̀ ọ́n lára, tàbí abẹ́ àti ìdí yín kú níbi tí gàárì ti ń kan ẹlẹ́ṣin, bí ìtọ̀ kò bá jáde mọ́ tàbí ó ń dà fúnra rẹ̀, bí ẹsẹ̀ kejì bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, ẹ má dúró di ọ̀la. Ó túmọ̀ sí pé gbogbo ìrùkẹ̀rẹ̀ yẹn ni nǹkan ń fún, S2 sí S4 tó ń ṣọ́ ìtọ̀ àti ìgbẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Wákàtí la fi ń ka tirẹ̀. Ẹ gba ọkọ̀ lóru.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ sọ́sibítù, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ mú bírò, ẹ fa ilà yí ibi tó kú ká lára awọ yín, kí ẹ fi ilà gígùn tọ ọ̀nà tí ìrora ń gbà láti ìbàdí wálẹ̀. Ẹ má fọ̀ ọ́. Dókítà tó bá rí ilà yẹn á ti mọ iṣan tó ń wá kí ẹ tó lanu.